Orúkọ Tí Àjò Sọ Wá

Ẹni tí ó bá jí ní Ìkàrẹ́ ní kùtùkùtù, tí ó sì gba ọ̀nà Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà, yóò dé ibẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le. Ọ̀nà náà kò jìn. Òkè àpáta wà lọ́tùn-ún, òkè àpáta wà lósì, oko sì wà ní ìsàlẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìlú wọ̀nyí ti súnmọ́ ara wọn tó nì, ẹnu wọn kò dọ́gba. Ará Ìkàrẹ́ ní bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ará Ọ̀kà ní tirẹ̀. Bí a bá sì yà sí apá Àrìgìdì tàbí Ìkáràmù, a ó bá èdè pàdé tí ọmọ Ọ̀yọ́ yóò dẹ etí sí títí tí kò ní mú ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ọmọ Àkókó tó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ rárá ni ó ti mọ ohun tí í ṣe àlejò. Ní Ìkàrẹ́, ará Ọ̀kà ni à ń pe ẹni tí ó ti Ọ̀kà wá; ní Ọ̀kà fúnra rẹ̀, orúkọ àdúgbò rẹ̀ ni a ó fi pè é. Bí ó bá lọ dá oko kòkó ní apá Oǹdó, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè àdúgbò mọ́. Ará Àkókó ni. Ní Kùmásì nígbà kan rí, Alata ni wọn ìbá pè é. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bí obìnrin tí ó ní yàrá láti fi háyà bá yọjú sí i lẹ́nu ọ̀nà, ènìyàn dúdú ni, ọ̀rọ̀ sì parí. Ènìyàn kan náà ni. Bí ó ti ń jìnnà sí ilé ni orúkọ rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, tí ohun tí ẹni tí ń pè é mọ̀ nípa rẹ̀ sì ń kéré sí i. Ìtàn àwọn orúkọ wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ fún òǹkàwé: bí a ti rí wọn gbà, ohun tí àwọn tí a fi wọ́n pè fi wọ́n ṣe, àti bí nǹkan ti rí ní ọjọ́ tí onílé wí fún àlejò pé ó tó gẹ́ẹ́.

Kì í ṣe ìfẹ́ inú ni ó kọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn wa lọ sí àjò. Ogun ni. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Tápà láti Bídà ń kó ogun wá sí ilẹ̀ Àkókó léraléra, ogun Ìbàdàn náà kò sì fi wá sílẹ̀. Àwọn tí ó lè sá gun orí àpáta. Àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ gba ọ̀nà Odò Ọya lọ pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, Kọ́ńpìnnì Royal Niger ṣẹ́gun Bídà, okùn náà sì tú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a ti kó lọ láti ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ wálé. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tí ń kà á. Ẹni tí ó lọ ní ọmọdé padà ní géńdé, ó ń fi èdè Tápà lá àlá, ó ń wólẹ̀ kírun ní ìgbà márùn-ún lójoojúmọ́, ó sì wí fún àwọn tí ó bá nílé pé ọmọ lágbájá ni òun. Ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Bí ìyá bá ti kú, tí ẹ̀gbọ́n kò sí mọ́, ilà ojú nìkan ni ó kù tí ó lè gbẹnu sọ fún un. Mo gbàgbọ́ pé ìdí kan nìyí tí àwọn àgbà wa fi ń ka orírun ènìyàn sí tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n máa ń bi àlejò ní orúkọ baba rẹ̀ kí wọ́n tó bi í ní iṣẹ́ tí ó bá wá. Kì í ṣe ìgbéraga lásán. Àwọn ìlú tí ogun ti tú ká rí ni.

Ṣáájú àkókò yìí, nígbà tí ogun ń jó ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀nà tí ẹrú ń gbà lọ jìn ju Bídà lọ. Etí òkun ni ó ń lọ, àti sínú ọkọ̀. Àwọn tí ó dé Kúbà ni àwọn aráyé ń pè ní Lucumí. Ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn sọ nípa orúkọ náà ni pé láti inú ìkíni ni ó ti wá, olùkù mi, èyí tí í ṣe ọ̀rẹ́ mi. Àwọn tí ó dé Brazil ni a pè ní Nagô, láti ara Ànàgó. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi, tí a sì kó lọ sí Freetown, ni a pè ní Aku, nítorí pé láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ síra wọn: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu. Ó wú mi lórí gidigidi pé nínú gbogbo ohun tí ẹlòmíràn ìbá mú dá àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ̀, àwọ̀ tàbí ilà tàbí aṣọ, ìkíni ni etí rẹ̀ kọ́kọ́ mú. A ti gba ohun ìní gbogbo lọ́wọ́ wọn, ìkíni kò bọ́.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn Aku ni Àjàyí, tí a mú lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní 1822, tí ó sì di Samuel Crowther nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi. Ní ọdún 1846 ó pàdé ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún bí 25 tí wọ́n ti fojú kan ara wọn kẹ́yìn. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Freetown, Crowther ni. Lẹ́nu ìyá náà, Àjàyí ni. Títí di òní, orúkọ méjèèjì ni à ń tò mọ́ ara wọn bí a bá ń dárúkọ rẹ̀, bí ẹni pé a kò fẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì.

Ṣùgbọ́n ohun tí Freetown ṣe ju èyí lọ. Ní ilé, Ẹ̀gbá kì í pe ara rẹ̀ ní Yorùbá, Ìjẹ̀ṣà kì í pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ará Àkókó kò tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Àwọn Ọ̀yọ́ ni ó ni orúkọ náà. Ní ọdún 1854, Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì, tẹ ìwé ńlá kan jáde, nínú èyí tí ó kó ọ̀rọ̀ èdè tí ó ju 100 lọ jọ láti ẹnu àwọn tí a dá sílẹ̀ ní Freetown. Ó to Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó, Yàgbà àti àwọn mìíràn sábẹ́ orúkọ kan, Aku, ó sì bá àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé ohun tí kò tọ́ ni bí wọ́n ti ń pe gbogbo wọn ní Yorùbá. Ní ti ìtàn, Koelle ni ó jàre. Síbẹ̀, Crowther ti tẹ ìwé gírámà èdè Yorùbá jáde láti 1843, Bíbélì sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ tí ó wà lára ìwé náà ni ó borí. Láàárín àwọn tí a já gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, ní ìlú tí kì í ṣe tiwọn, ni Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú àti Oǹdó ti kọ́ láti pe ara wọn ní ènìyàn kan. Àjò ni ó bí Yorùbá tí gbogbo wa ń jẹ́ lónìí.

Bí wọ́n ti ń gba orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń di àṣà mú. Títí di ìgbà tiwa, àwọn Krio ní Freetown ń se àsè tí wọ́n ń pè ní awujoh fún àwọn òkú wọn, wọ́n sì ń ṣe komojade fún ọmọ titun. Kò sí ọmọ Ọ̀kà tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì tí yóò nílò ògbufọ̀. Láti ọdún 1839 ni díẹ̀ nínú àwọn Aku ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti padà sí Àgbádárìgì, láti ibẹ̀ sì lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn tí ó dé ilé náà gba orúkọ mìíràn sí i. Sàró ni wọ́n di. Ẹni tí à ń pè ní Aku lọ́hùn-ún nítorí pé ó jọ ará ilé rẹ̀, ni à ń pè ní Sàró nílé nítorí pé kò jọ wọ́n mọ́. Ní Èkó, àwọn tí ó ti Brazil bọ̀ di Àgùdà ní ọ̀nà kan náà.

Ọ̀nà yìí gun títí dé Ìkàrẹ́ pàápàá. Lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ní ilẹ̀ Àkókó ni Àlùfáà Lennon, ọmọ Jàmáíkà, ènìyàn dúdú bí àwa, tí a kó àwọn baba ńlá rẹ̀ kọjá òkun. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ ilé-ìwé Lennon Jubilee ní Ìkàrẹ́. Ọmọ tí ń kà á lára pátákó ilé-ìwé lè máa rò pé orúkọ òyìnbó kan ni.

Ìtàn Gold Coast, tí í ṣe Gánà, ni n óò pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí lójú ara wọn ṣì wà láàyè. Àwọn tiwa gba oko kòkó Oǹdó àti Ìjẹ̀ṣà lọ ní púpọ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìnísà, Ìgbòho àti Ṣakí ni ó kún Gold Coast. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, aṣọ ni wọ́n rù lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ilẹ̀ dé, wọ́n tàn kálẹ̀ láti Accra dé Tamale, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọjà kan tí obìnrin Yorùbá kò jókòó sí pẹ̀lú abẹ́rẹ́, òwú, ọṣẹ, àwo àti fìtílà. Bí ọkùnrin kan bá ti rí ọwọ́ mú, yóò ránṣẹ́ sí ilé fún àbúrò rẹ̀. Ọmọ náà yóò sìn ín ní ọdún bí mélòó kan, lẹ́yìn náà ni yóò fún un ní owó òwò kí ó lọ dúró ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú kan ṣe ń fa ara rẹ̀ wọ ìlú mìíràn, bí ẹni ń fa okùn gba inú ihò abẹ́rẹ́. Alata ni àwọn onílé ń pè wọ́n. Etí Yorùbá gbọ́ aláta nínú rẹ̀, wọ́n sì rò pé nítorí ata tí àwọn ìyá wọn ń tà ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú Allada, ní ilẹ̀ Dahomey àtijọ́, ni àwọn òpìtàn wí pé ó wà nídìí rẹ̀. Kí ènìyàn máa jẹ́ orúkọ ìlú tí kò dé rí! Nígbà tí a ka ènìyàn ní Gánà ní 1960, àwọn Yorùbá tí a bá níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000.

Wọ́n ní ẹgbẹ́ ìlú ní gbogbo ibi tí wọ́n wà, wọ́n ní parákòyí tí ń parí ìjà ọjà, wọ́n ní mọ́sálásí, àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni ó gbin púpọ̀ nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó wà ní ilẹ̀ náà. Wọn kò pàdánù ilé rárá lọ́kàn wọn. Ẹni tí ń gbé yàrá kan ní Kùmásì pẹ̀lú aya àti ọmọ mẹ́fà lè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ọ̀fà tí kò sí ẹni tí ń sùn níbẹ̀ bí kò ṣe ìyá arúgbó kan. Àwọn kan máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Ilé náà kì í ṣe ibùsùn, ẹ̀rí ni: ó ń sọ fún àwọn tí ó wà nílé pé ẹni tí wọn kò rí yìí kò sọnù, ibi tí a ó sin ín sí ti wà.

Ti àwọn ọmọ ni ó yàtọ̀. Ọmọ tí a bí ní Tamale ń sọ èdè Dagomba àti Hausa lójú pópó. Èyí tí a bí ní Kùmásì ń sọ Twi. Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ ni èyí tí ìyá fi ń bá wọn wí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò mọ̀ pé àlejò ni àwọn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún wọn. Títí di 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó ni Èkó tí ó ni Accra. Ẹni tí ó ti ọ̀kan lọ sí èkejì kò kúrò lábẹ́ ọba kan. Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní 1957, tí Nàìjíríà sì gbà á ní 1960, ààlà já sí àárín wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn gbé ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi Gánà sílẹ̀. Iṣẹ́ ti wọ́n ní ilẹ̀ náà nígbà náà, àwọn ènìyàn sì ń wí pé àwọn àlejò ni ó gba ọjà mọ́ ọmọ onílé lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tí ó ti ta ọjà fún ogójì ọdún, tí ó ti dá owó fún àwọn oníbàárà káàkiri ìgbèríko, báwo ni yóò ti gba gbèsè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Wọ́n ta ọjà wọn ní iye tí ẹni tí ń rà á fẹ́. Wọ́n kún inú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gba Togo àti Dahomey kọjá, wọ́n sì dé Nàìjíríà tí ogun abẹ́lé ń jà nínú rẹ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi púpọ̀ ní Gánà ṣófo láàárín oṣù kan.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a fi rẹ́rìn-ín ni ó gba àwọn tí ó ní in. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ dé ìlú tí wọn kò rí rí, tí a sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni ilé wọn. Nígbà tí wọ́n la ẹnu, ahọ́n wọn tú wọn fó, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń pè wọ́n ní ọmọ Gánà. Lọ́hùn-ún Alata, níhìn-ín ọmọ Gánà. Díẹ̀ nínú wọn dọ́gbọ́n padà nígbà tí ìbínú rọ̀. Kò yà mí lẹ́nu.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀ràn náà gba ọ̀nà mìíràn. Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1922 láti kọ́ ẹ̀kọ́ amòfin. Ó rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ dúdú lè rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ó má rí yàrá háyà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹgbẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ WASU. Bí a bá kà á ní Yorùbá, wàásù ni, wọ́n sì sọ ìwé ìròyìn wọn ní orúkọ yìí. Láti 1929 di 1932, Solanke rin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ká, ó ń tọrọ owó láti fi ní ilé kan. Ní 1933 ilé náà ṣí ní òpópó Camden. Kò pẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣí ilé tirẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú, tí ó pè ní Aggrey House, WASU sì kọ̀ ọ́, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀. Ẹni tí kò mọ inú ọ̀ràn lè wí pé kí ni ìyàtọ̀, ṣé orí ibùsùn kan kò tó? Ṣùgbọ́n Solanke mọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹni tí ó gbé ilé tí ìjọba fún un, àlejò ìjọba ni. Ẹni tí ó gbé ilé tí owó àwọn ará ilé rẹ̀ kọ́, onílé ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò dídì ni ó wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀.

Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ní ìgbà 1950 àti 1960 pọ̀ jù wọ́n lọ, tọkọtaya sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ọkọ ń kọ́ ìwé lóru, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Aya ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò sí ìyá àgbà lẹ́yìnkùlé tí yóò gba ọmọ pọ̀n. Àwọn òbí náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn, pàápàá èyí tí ń jẹ́ Nursery World, láti wá obìnrin òyìnbó tí yóò bá wọn tọ́ ọmọ fún owó ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ni a tọ́ báyìí ní Kent, Essex, Sussex àti àwọn ìlú mìíràn lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù. Ojú tí àwọn òbí fi wo ohun tí wọ́n ṣe kò ṣàjèjì: nílé, a máa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, sọ́dọ̀ tíṣà, sọ́dọ̀ àlùfáà, kò sì sí ẹni tí yóò wí pé a kọ ọmọ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń fi ọmọ fún nílé mọ oríkì ọmọ náà. Obìnrin Kent kò mọ̀ ọ́n. Òmíràn fẹ́ràn ọmọ náà gan-an. Òmíràn fìyà jẹ ẹ́. Nígbà tí òbí bá padà wá mú un lẹ́yìn ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ọmọ dúdú náà yóò sá sẹ́yìn aṣọ obìnrin òyìnbó, ẹ̀rù àwọn àlejò dúdú méjì tí wọ́n pè é ní orúkọ tí kò mọ̀ yóò sì máa bà á. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ṣe fíìmù nípa rẹ̀ ní 2018. Mo ka ọ̀ràn yìí sí èyí tí ó wúwo jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín, nítorí pé kì í ṣe ogun ni ó mú ọmọ lọ, kì í ṣe ìjọba ni ó lé e. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ó fà á lé àjèjì lọ́wọ́, pẹ̀lú èrò rere.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì náà ń yí orúkọ padà fún wọn. Ní 1948, òfin wí pé ọmọ Èkó àti ọmọ Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ọmọ ọba kan náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lè wọlé. Ní 1962 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Ní 1971 wọ́n tì í sí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, òfin titun wí pé ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà mọ́ kìkì nítorí pé ibẹ̀ ni a bí i sí. A ó kọ́kọ́ wo ìwé òbí rẹ̀. Ẹ sì wò ó: ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà, ọdún kan náà, ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni ó kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n lé ní àádọ́ta ọ̀kẹ́. Àpò aláràbarà tí wọ́n fi di ẹrù ni à ń pè ní Ghana Must Go títí di òní, a sì ń tà á lọ́jà Ìkàrẹ́ láìrántí ẹni tí ó fi orúkọ rẹ̀ san owó àpò náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ti Busia ni a san padà, wákàtí fún wákàtí. Nígbà tí Gómìnà Michael Ajasin sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1979, tí ilé-ìwé ń hù bí olú, àwọn tíṣà láti Gánà wà lára àwọn tí ó kọ́ ọmọ wa ní ìṣirò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́ ti di dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà.

Èyí mú mi padà sí ọ̀nà tí ó ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà. Nínú abà tí ó wà káàkiri igbó ilẹ̀ Àkókó, àwọn Ebira wà níbẹ̀ tí ń ro oko. Àwọn baba wọn ti gun òkè wá láti apá Òkénè láti ìgbà tí ó ti pẹ́. Iṣu tí ń kún ọjà wa, ọwọ́ wọn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ń gbọ́ èdè wa bí ẹni tí ó bí i, wọ́n sì ń bá ọmọ wa jókòó ní kíláàsì kan.

Àwọn ọmọ Àkókó tí ó wà lẹ́yìn odi kò gbàgbé ilé bákan náà. Wọ́n ń pé jọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń ran aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ fún ìsìnkú àti fún òrùlé ilé ìjọsìn. Àwọn ọmọ wọn ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀, èyí tí wọ́n sì ń gbọ́ ni ti Èkó. Ti Ìkàrẹ́ tàbí ti Ọ̀kà, ẹnu ìyá àgbà nínú ẹ̀rọ tẹlifóònù nìkan ni wọ́n ti ń bá a pàdé.

Òfin Nàìjíríà ti 1999 wí pé kí ẹni tí a bí ní Nàìjíríà ṣáájú òmìnira tó lè jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ìgbà ìbí, òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwùjọ ìbílẹ̀ kan. Ìwé tí ó ń jẹ́rìí sí ìbílẹ̀ yìí, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń fọwọ́ sí i, Àríwá-Ìlà-oòrùn Àkókó ní Ìkàrẹ́, Gúúsù-Ìwọ̀-oòrùn Àkókó ní Ọ̀kà. Láìsí i, ọmọ lè pàdánù àyè ní yunifásítì, ó sì lè pàdánù iṣẹ́ ìjọba. Akọ̀wé tí ó jókòó sí ọ́fíìsì yóò bi ẹni tí ó wá gbà á ní orúkọ baba rẹ̀, orúkọ agbo ilé rẹ̀, àti olóyè tí yóò jẹ́rìí sí i. Ọmọ tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò sùn sí Ọ̀kà ju alẹ́ mẹ́ta lọ, lè dáhùn gbogbo rẹ̀ láìkọsẹ̀, nítorí pé a ti kọ́ ọ láti kékeré. Ọmọ Ebira tí a bí ní abà lẹ́yìn Ọ̀kà, tí baba rẹ̀ bí níbẹ̀ pẹ̀lú, yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà. Bí ó bá kàn án, a ó fi èdè Ọ̀kà bi í léèrè ibi tí ó ti wá, yóò sì fi èdè Ọ̀kà dáhùn.